Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Lẹ́yìn Píkọ́ọ̀pù Màmá Oníkajú

Ẹ má bi mí bóyá inú ṣì ń bí mi. Ó ń bí mi. Títí di òní, bí mo bá rí píkọ́ọ̀pù tó ní ìdérí lẹ́yìn, àyà mi á gbóná, á ṣe mí bíi kí n sọ òkúta lù ú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gba òmìnira mi lọ́wọ́ mi. Kì í sì í ṣe ẹnu mi ló ti kọ́kọ́ jáde o. Ẹnu ọ̀gá mi ni, ọ̀gá tí kò yẹ kó sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, kódà bí ejò bá ń gun ẹsẹ̀ ẹ̀.

Ọmọ Bantè ni mí, lókè Cotonou lọ́hùn-ún. Tíṣà ni bàbá mi, níléèwé àwọn Kátólíìkì. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì jókòó sídìí tábìlì ìjọba. Èmi nìkan ni mo já. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jókòó sí kíláàsì kan náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tí wọ́n ní kí n tún jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé báàgì mi, mo jáde. Bàbá mi ò bá mi jà. Ó kàn gbé mi sẹ́yìn mọ́tò ẹ̀, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ó gbé mi dé Savalou, ó fà mí lé ọkùnrin kan tó ń jórin lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ bá mi wò ó bóyá irin á gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, torí ìwé ò gbọ́." Ojú mi ló ti sọ ọ́. Mi ò gbàgbé ẹ̀.

Irin gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu dáadáa. Láàárín ọdún mẹ́rin, kò sí ọmọ iṣẹ́ kan ní gbogbo àdúgbò wa tọ́wọ́ ẹ̀ yá tó tèmi. Géètì ńlá kan wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Bantè, eléyìí tí wọ́n fi irin ṣe òdòdó sí lára. Èmi ni mo tẹ òdòdó yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí òkúta, pẹ̀lú òòlù. Àwọn oníbàárà á bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n á ní, "Patirọ́ọ̀nù, ẹ kú iṣẹ́ o." Ọ̀gá á ní, "Ẹ ṣeun." Ẹ ṣeun kẹ̀! Èmi tí iná ti jó apá mi tótòtó dúró síbẹ̀, wọn ò rí mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kánjú gba òmìnira. Ní tiwa, àwọn ọ̀gá tó ń jórin ní àgbègbè yẹn ní àṣà kan. Ọ̀gá á mú iṣẹ́ kan tó wọlé, á ní: èyí ni tìẹ. Láti ìgbà tó o bá ti wọ̀n ọ́n títí tó o fi máa kun ọ̀dà sí i, ìwọ nìkan ni. Ọ̀gá gbọdọ̀ wà níbẹ̀ o, kò gbọdọ̀ kúrò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Á fi pákò sẹ́nu láàárọ̀, á máa jẹ ẹ́ títí iṣẹ́ á fi parí. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá méjì láti ibòmíràn á wá wo iṣẹ́ náà. Ìbéèrè kan ni wọ́n á bi, ìwọ ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n á sì bi, wọn ò ní bi ọ̀gá ẹ: "Ṣé ó lanu?" Bó o bá ní kò lanu, wọ́n á bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́, o ti di ọ̀gá nìyẹn. Bó bá lanu, iṣẹ́ ti di iṣẹ́ ọ̀gá ẹ, ìwọ á dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá wá purọ́ ńkọ́? Mi ò tíì gbọ́ pé ẹnì kan purọ́ rí. Bóyá àwọn tó purọ́ kì í sọ.

Ìyá kan láti Bantè ló gbé iṣẹ́ tèmi wá. Kajú ló máa ń rà kiri, láti Akpassi dé Gouka, òun fúnra ẹ̀ ló ń wa píkọ́ọ̀pù ẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, wọ́n ní ó máa ń ríran. Èyí tí mo mọ̀ ni pé ó lè wakọ̀ ju ọkùnrin lọ. Bí àsìkò kajú bá dé, ó lè lo ọjọ́ márùn-ún nínú oko láìfojú kan ilé. Ìdérí kan wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù náà, ike líle dúdú, ó bo ẹ̀yìn ọkọ̀ pa pátápátá, á ṣí sókè bí ìdérí àpótí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ra ọkọ̀ náà ní Cotonou.

Ó bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò wa. Ó ní, "Patirọ́ọ̀nù, orí àpò kajú ni mò ń sùn. Ìhà mi ti fẹ́ẹ̀ hu kajú."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ wá fẹ́, Màmá?"

"Irin ni kẹ́ ẹ ṣe sórí ìdérí yìí fún mi. Kí n lè gbé àgọ́ mi lé e, tìmùtìmù, àga méjì, kẹ́ẹ̀gì omi. Kí kajú wà lábẹ́, kí òjò má pa á, kí olè má rí i. Kí èmi náà sùn bí èèyàn."

Ọ̀gá wo ọkọ̀, ó wò mí. Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Èyí ni tìẹ."

Háà! Mi ò sùn lóru yẹn. Mo pe ìyá mi, mo ní kó lọ ra aṣọ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ òmìnira mi. Mo pe àwọn ẹgbẹ́ mi ní Akpassi, mo ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, pé wọ́n á jẹ títí wọn ò ní lè gun mọ́tò padà. Mo sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Mo tiẹ̀ ti ń wo ibi tí màá kọ́ ṣọ́ọ̀bù tèmi sí ní Bantè.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Màmá dé láàárọ̀ kùtù pẹ̀lú gbogbo ẹrù ẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, torí láti ọ̀dọ̀ wa, Gouka ló ń lọ tààrà. Mo ní kó kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: àwọn àpò òfìfo, ìkòkò, sítóòfù, ìgò gáàsì, àgọ́ tó ká bí ẹní. Ọ̀gá jókòó sórí táyà, ó ti ki pákò bọnu.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe, kẹ́ ẹ fi mọ̀ pé mi ò kí ń ṣe òpè. Ọmọ iṣẹ́ mìíràn ì bá kàn de irin mọ́ orí ìdérí yẹn, á lọ jókòó. Ìdérí ike ni o! Ọ̀nà Gouka yẹn, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n, gbogbo ojú ẹ̀ ló rí wúruwùru bí ojú pákó ìfọṣọ, ó ń gbọn ìfun èèyàn. Kó tó dé Gouka, ìdérí ti là sí méjì. Èmi ní: ìdérí ò ní gbé nǹkan kan. Mo gbé òpó mẹ́rin dìde láti inú ọkọ̀, mo fi bóòtì de ìdí wọn mọ́ irin ẹ̀gbẹ́, mo lu ihò mẹ́rin sára ìdérí kí orí òpó lè gba ibẹ̀ yọ. Òkè òpó yẹn ni mo wá gbé férémù irin lé, tí ẹrù á wà lórí ẹ̀. Gbogbo ìwúwo á gba inú òpó lọ sára ọkọ̀. Ìdérí á kàn wà láàárín bí àlejò.

Màmá ní, "Ọmọ yìí lórí o!"

Mo ní, "Ẹ ò tíì rí nǹkan kan, Màmá."

Bí mo ṣe ń lu ihò ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá dìde. Ó yí ọkọ̀ po. Ó dúró lẹ́yìn, níbi tí ìdérí ti ní ètè kan tó rọ̀ sílẹ̀ bo etí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó fi ìka gbá ètè yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó wò mí, ó gbé ìpéǹpéjú sókè, ó ń rún pákò ẹ̀ bí ewúrẹ́. Mo ní lọ́kàn mi: ẹ lọ jókòó jàre, ìlara ló ń ṣe yín. Mo tẹ ẹ̀rọ tèmi lọ. Ó padà sórí táyà ẹ̀.

Òjò ṣú ní apá òkè. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run, ó ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ dé Gouka kí òjò tó bẹ́. Mo ní, "Ẹ kó ẹrù yín sínú, Màmá. Ó ti parí. Férémù nìkan ló kù." Ó kó gbogbo ẹ̀ padà sínú. Mo pa ìdérí dé, orí òpó mẹ́rin yọ sókè níbi ihò wọn, wọ́n dúró gan-an bí ìwo màlúù. Mo gbé férémù lé wọn, mo fi bóòtì mẹ́jọ dè é. Mo wá ṣe ohun tí ajórin tó gbọ́n máa ń ṣe lápá ọ̀dọ̀ wa: mo fi òòlù tẹ ẹnu bóòtì kọ̀ọ̀kan pa, kó fẹ̀, kí nọ́ọ̀tì má lè yí jáde mọ́ láéláé. Torí olè ni. Bó o bá fi bóòtì sílẹ̀ lásán, ilẹ̀ á mọ́, férémù ti lọ di géètì sílé ẹlòmíràn.

Mo nu ọwọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ wá wo iṣẹ́."

Màmá yí i ká, ó ń yọ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá férémù. Ó ní, "Halelúyà. Ọmọ mi, ṣí i kí n mú ike omi mi nínú ẹ̀."

Mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Mo gbé ìdérí sókè. Ó gbéra ní ìwọ̀n ìka méjì, ó sọ gbà mọ́ abẹ́ férémù, ó dúró.

Mo tún gbé e. Gbà.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ ńkọ́? Ètè ìdérí ti gbá a mú. Bí ìdérí ò bá sókè, ilẹ̀kùn kì í ṣí. Mo ti mọ ìyẹn láti àárọ̀, ojú mi ló ń rí i, ṣùgbọ́n mi ò rò ó. Mo ti kan gbogbo ẹrù Màmá mọ́nú ọkọ̀, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi tẹ bóòtì pa.

Àwọn onísẹ́mì, àwọn tó ń fi mọ́tò gbéèrò, máa ń dúró lábẹ́ igi máńgòrò wa láti dúró de èrò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìkà, kó wá ṣàṣìṣe níwájú wọn.

"Màmá, ó ti bá yín sin kajú o!"

"Pósí ni! Pósí onírin!"

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá, bẹ́ ẹ bá dé Gouka, ẹ sùn sórí ẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbóòórùn kajú látòkè."

"Ajórin, wọ abẹ́ ẹ̀ lọ kó o máa ti ìdérí láti inú!"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ sórí mọ́tò ẹ̀. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo òjò. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo sọ fún mi pé ó ti parí." Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló dùn mí jù. Mo wo ọ̀gá. Ọ̀gá jókòó sórí táyà, ó ń jẹ pákò, kò sí nǹkan kan lójú ẹ̀. Nígbà yẹn ni mo mọ ohun tó ń sọ nígbà tó gbá ètè ìdérí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti mọ̀! Ó ti mọ̀ láti àárọ̀, ó jẹ́ kí n lu ihò, ó jẹ́ kí n tẹ bóòtì, ó jẹ́ kí àwọn aláìníṣẹ́ yìí fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú mi ṣú. Mo ki wáyà ẹ̀rọ tó ń gé irin mọ́ iná, mo fò sórí ọkọ̀, mo ní màá gé orí bóòtì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dànù ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí gbogbo wọn panu mọ́.

Ẹ̀rọ ké. Iná fọ́n jáde láti ara irin, pupa, funfun, ó ń dà sórí ìdérí, ó ń yí lọ síbi ihò òpó. Mi ò tíì fi rọ́bà dí àwọn ihò náà. Iná wẹ́wẹ́ ń wọ inú lọ bí ẹni pé èèyàn ń da ẹ̀wà sínú ìkòkò.

"Gáàsì!"

Ọ̀gá ni. Pákò jábọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ó ti fo táyà, ó ti fa wáyà yọ lára iná, ẹ̀rọ kú lọ́wọ́ mi. Màmá pe Jésù, ó di orí mú, ó sáré dé ìdí igi. Òun fúnra ẹ̀ ló gbé ìgò gáàsì sí ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn òpó náà, nítòsí sítóòfù, níbi tí mo ní kó gbé e sí.

Àwọn onísẹ́mì wo ẹnu ọ̀gá, wọ́n wò mí. Gbogbo wọn ló mọ àṣà yẹn, ọmọ àdúgbò ni wọ́n.

Mo bọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ìbẹ̀rù, inú ló ń bí mi. Mo ní, "Ọ̀gá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ̀rọ̀?"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó mú pákò ẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn eruku dànù lára ẹ̀, ó fi sẹ́nu padà. Ó lọ jókòó.

"Ọ̀gá, mò ń bá yín sọ̀rọ̀! Mo ti ń rí i! Mo ti fẹ́ pa ẹ̀rọ!"

Irọ́ ni mo pa. Mi ò rí nǹkan kan.

Màmá ní, "Ọmọ mi, ṣé kó jẹ́ kó o jóná ni?"

Mo ní, "Kó jẹ́ kí n jóná!" Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, níwájú ìyá tó tó ìyá mi bí. Ó pa ojú dé, ó ń mi orí, ó sì yọ bàtà ẹ̀, mo rò pé ó fẹ́ gbàdúrà fún mi. Mo kọ ẹ̀yìn sí i.

Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó tí mo dúró síwájú ọkọ̀ yẹn. Òjò kọjá lọ sí apá Bobè, kò rọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ń wo férémù, mo ń wo bóòtì, mo ń bú gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Mi ò lè fi ẹ̀rọ gé e mọ́, torí gáàsì. Ayùn ọwọ́ lórí bóòtì mẹ́jọ, á di ọ̀la. Ojú mi wá bọ́ sára ètè yẹn. Ìdérí yìí, kí ni mo fẹ́ gbé e sókè fún? Àpò kajú ni wọ́n ń kì sínú ẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kì í. Bí mo bá gé ètè yìí kúrò, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn á ṣí fúnra ẹ̀, ìdérí á di òrùlé, kò ní gbéra mọ́, kò sì nílò àtigbéra. Ike ni ètè, bẹ́ẹ̀ ayùn ọwọ́ kì í fọ́n iná lára ike.

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wọ̀ yín létí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi.

Mo mú ayùn. Mo fi ẹfun fa ìlà láti igun dé igun. Ike yẹn le bí eegun, awọ ọwọ́ mi bó, mo fi àkísà wé e, mo ń gé e lọ. Ọ̀kan nínú àwọn onísẹ́mì, èyí tó pè é ní pósí, wá bá mi di òdìkejì ètè mú kó má baà fà ya, mi ò lé e. Nígbà tó já bọ́, mo fa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ṣí wẹ́rẹ́. Mo gbé ìgò gáàsì jáde, mo gbé e lọ sí ìdí ògiri lọ́nà jíjìn, mo sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ sùn. Lẹ́yìn náà ni mo wá jó ibi tí àgádágodo á wà lára ilẹ̀kùn, mo gé rọ́bà táyà, mo fi dí etí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí omi má wọlé, mo kun ọ̀dà. Màmá da ike omi kan sí ẹ̀gbẹ́ rọ́bà, ẹ̀kán kan ò wọ inú. Ó gbé àgọ́ ẹ̀ lé òkè, tìmùtìmù, àga, kẹ́ẹ̀gì omi méjì. Ó gun ẹ̀gbẹ́ táyà, ó fi gbogbo ara fa férémù. Kò mì.

Ó ní, "Ẹni tó bá ní ìwọ kọ́ lo ṣe èyí, kó wá bá mi."

Àwọn ọ̀gá méjèèjì dé nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀. Ọ̀kan sanra, èkejì tín-ín-rín, ó ní awò lójú. Wọ́n yí ọkọ̀ po. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n tì í. Ẹni tó sanra gun orí ẹ̀ pẹ̀lú ìwúwo ẹ̀ yẹn, ó ń jó lórí férémù. Kò ṣe nǹkan kan. Inú mi ti ń dùn, ìbínú mi ti fẹ́ẹ̀ tú, torí mo ti rò ó: èmi, ọ̀gá, Màmá, àti àwọn onísẹ́mì tó ti bá èrò lọ. Ta ni á sọ? Ọ̀gá ò lè sọ, wọn ò ní bi í. Màmá sì ti yára sọ tiẹ̀ kí wọ́n tó bi ẹnikẹ́ni, ó gbójú sókè, ó ní, "Èmi o, etí mi ò gbọ́ nǹkan kan lónìí." Ìyá aláṣọ funfun! Ó fẹ́ fi ẹ̀rí ọkàn ẹ̀ rà mí padà.

Ẹni tó tín-ín-rín tẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ pa ibi tí mo ti gé ètè. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Eléyìí, ọgbọ́n àgbà ni. Ọmọdé ò ronú báyìí. Ọ̀gá ẹ ló ní kó o gé e, àbí? Sọ òótọ́. Ṣé ó lanu?"

Ẹ̀jẹ̀ gun orí mi.

Mo ní, "Ó lanu! Gáàsì ló pè! Gáàsì nìkan ló pè, kò pe ètè! Ètè yìí, orí tèmi ló ti jáde, èmi ni mo rò ó, èmi ni mo gé e, ẹ wo ọwọ́ mi!" Mo na ọwọ́ mi sí i lójú, àkísà tó ti rin fún ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti jáde kí n tó mọ̀ pé ó jáde.

Ẹni tó sanra bọ́ sílẹ̀ lórí ọkọ̀. Ó ní, "A ti gbọ́. Ọdún tó ń bọ̀."

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, bàbá!"

"Ọ̀kan ni, ọgọ́rùn-ún ni, ó lanu."

"Kí n má baà kú ló ṣe lanu!"

"Ó ṣeun. O ò kú. Ọdún tó ń bọ̀."

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jà. Ó ní irú àṣà wo nìyí, pé kí àgbà máa wo ọmọ tó fẹ́ jóná, kó máa jẹ pákò. Ó ní bí wọ́n bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ òun, òun á ti lé wọn. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, Màmá," wọ́n gun mọ́tò wọn, wọ́n lọ. Màmá náà lọ nígbà tó yá, ọ̀nà jìn. Ó kí mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò dáhùn lẹ́ẹ̀kankan. Mo kàn ń wo férémù mi bó ṣe ń lọ, àgọ́ wà lórí ẹ̀, kò mì.

Ó wá ku èmi àti ọ̀gá. Ó tu pákò dànù. Ó ní, "Mo rò pé wàá ní mi ò lanu."

Mo ní, "Ẹ rò bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wọn ló máa ń ní bẹ́ẹ̀. Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tèmi."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò fi sọ ọ́ fún mi ṣáájú?"

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti yí. Ó ní, "Mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀."

Mo gbá táyà yẹn nípàá, ó yí lọ títí dé ojú títì, mi ò lọ gbé e.

Bàbá mi ni mo pe lórí fóònù, torí mi ò lè gbọ́ ẹkún ìyá mi, òun tó ti ra aṣọ. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún un, láti orí ihò dé orí gáàsì dé ìgbà tí wọ́n bi mí léèrè. Mo rò pé ó máa sọ pé mo ṣe dáadáa. Bàbá tó nà mí ní ẹgba mẹ́fà nígbà tí mo wà ní kékeré torí mo ní mi ò jẹ ẹja, tí mo sì jẹ ẹ́! Ó ní, "O ò kàn lè panu mọ́, àbí?"

Mo pa fóònù.

Mo jókòó sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, ọwọ́ mi ń ta mí. Mo tún pè é padà. Mi ò kí i.

Mo ní, "Ètè yẹn, Bàbá. Èmi ni mo rò ó o."

Ó ní, "Mo gbọ́."

Mo ní, "Ẹ ò gbọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi."

Ó ní, "Mo ní mo gbọ́. Ṣàlàyé ẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀díẹ̀. Ìdérí náà, apá ibo ló ti ń ṣí?"

Inú ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.